Tẹ́ṣàn Abúlé Yín Kì Í Ṣe Ohun Aláìlólúwa: Ìpè sí Gbogbo Ará Ẹ̀bá Ojú Irin

Ẹ̀yin ará wa ní Ìfọ̀, ní Pápáláńtò, ní Wásinmi, ní Olódó, ní Omi-Àdìó, ní Lálúpọn, ní Ìkìrun, ní Òkukù àti ní gbogbo abúlé tí ojú irin gbà kọjá, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. N kò kọ ọ̀rọ̀ yìí sí mínísítà, n kò sì kọ ọ́ sí gómìnà. Ọ̀rọ̀ tiwọn ń bọ̀ nísàlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń jí rí tẹ́ṣàn rélùwéè láràárọ̀ ni ọ̀rọ̀ kọ́kọ́ kàn, nítorí pé ojú yín ni ohun tó ń pa á ti ń ṣẹlẹ̀, ó sì ń pẹ́ kí ará Abùjá tó gbọ́.

Ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Tẹ́ṣàn tó wà létí abúlé yín kì í ṣe ohun aláìlólúwa. Ẹ̀yin lẹ sún mọ́ ọn jù, ẹ̀yin lẹ lè ṣọ́ ọ, ẹ̀yin náà lẹ sì lè béèrè pé kí ọkọ̀ máa dúró níbẹ̀. Ohun tí kò bá ti lẹ́ni tó ń béèrè rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n máa ń kó o lọ, títí yóò fi ku ògiri àti koríko.

Ìdí tí wọ́n fi kọ́ ọ sí ọ̀dọ̀ yín

Ọdún 1896 ni ìjọba àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó wá sí òkè. Ó gba Ìfọ̀ àti Abẹ́òkúta kọjá, nígbà tó sì di oṣù Kẹta ọdún 1901, wọ́n ṣí i ní Ìbàdàn. Láti Ìbàdàn, ó gba Ẹdẹ dé Òṣogbo, ó gba Ìkìrun àti Òkukù dé Ọ̀fà àti Ìlọrin, ó sì dé Jẹ́bà létí odò Ọya ní 1909. Kì í ṣe àánú wa ló ṣe wọ́n. Òwò ni wọ́n ń wá: kòkó, òwú, ekùrọ́ àti epo pupa ni wọ́n fẹ́ kó dé etíkun. Àmọ́ àwọn bàbá wa ló gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, àwọn ló ṣán igbó rẹ̀, àwọn ló sì fi orí ru yẹ̀pẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ojú àánú ni wọ́n fi kọ́ tẹ́ṣàn sí abúlé kéékèèké, pé ọkọ̀ kàn ń dúró níbẹ̀ kí àwọn ará oko lè rí i wọ̀ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdí méjì gbòógì ló gbé tẹ́ṣàn dé ibẹ̀. Àkọ́kọ́ ni omi. Èédú àti omi ni ọkọ̀ ayé ìjọun fi ń rìn, kò sì lè rìn jìnnà kó má tún dúró pọnmi. Ìkejì ni pé ojú irin àtijọ́ kò ju ẹyọ kan lọ. Ọkọ̀ tó ń lọ àti ọkọ̀ tó ń bọ̀, ojú kan náà ni àwọn méjèèjì ń tọ̀. Ibo ni wọ́n á ti yà fún ara wọn? Ní tẹ́ṣàn ni. Níbẹ̀ ni ojú irin ti pín sí méjì, tí ọ̀kan á yà sápá kan, tí èkejì á sì kọjá. Ọ̀gá tẹ́ṣàn ló máa ń fún awakọ̀ ní àmì àṣẹ. Awakọ̀ tí kò bá gba àmì yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣí kúrò, bí ó ti wù kí ó kánjú tó.

Ẹ ro ohun tí èyí túmọ̀ sí dáadáa. Láti Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn ju 70 kìlómítà lọ. Bí gbogbo tẹ́ṣàn kéékèèké tó wà láàrin ìlú méjèèjì bá kú, ọkọ̀ tó wà ní Ìbàdàn kò ní lè ṣí títí tí ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta yóò fi wọlé. Iye ìgbà tí ọkọ̀ ì bá lọ tí ì bá bọ̀ lójúmọ́ yóò wá dín kù gan-an. Ìyẹn ni pé tẹ́ṣàn abúlé kọ́ ló ń jẹun lára ojú irin. Ojú irin gan-an ló ń ti ara tẹ́ṣàn abúlé mí. Ọkọ̀ tí kò bá rí ibi yà fún èkejì á máa pẹ́ lọ́nà, bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tilẹ̀ gbó. Torí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín mọ́ pé tẹ́ṣàn yín kéré jù láti jẹ́ nǹkan.

Ohun tó gbé fún wa

Àwọn àgbà tí wọ́n rí ìgbà yẹn ṣì wà láàrin wa. Obì láti agbègbè Agége, ọkọ̀ ojú irin ló ń gbé e dé Kánò. Màlúù láti òkè ọya, ọkọ̀ ojú irin ló ń gbé e sọ̀kalẹ̀ wá sí Ìbàdàn àti Èkó. Kòkó àwọn àgbẹ̀ wa ń ti tẹ́ṣàn dé tẹ́ṣàn títí dé èbúté Àpápá. Ojú irin ló gbé àwọn ará Ọ̀fà lọ ṣòwò sí Jọ́ọ̀sì àti Kàdúná, àní àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, tí ojú irin kò gba ìlú wọn kọjá, máa ń lọ wọ̀ ọ́ ní ìlú mìíràn. Òṣogbo di ìlú òwò ńlá nígbà tí rélùwéè dé ibẹ̀. Títí dòní, àdúgbò Station Road ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ wo ọ̀dọ̀ ara yín ná. Ìyá tó ń ta àkàrà àti ẹ̀kọ létí pèpéle, ẹni tó ń ta ọsàn bíbó, ọmọdékùnrin tó ń bá èrò gbé ẹrù, ọlọ́kadà tó ń gbé èrò wọ inú oko lọ, ọkọ̀ tó ń dúró ni gbogbo wọn fi ń jẹun. Ọjọ́ tí ọkọ̀ kò bá dúró mọ́, gbogbo ìyẹn ti tán. Àgbẹ̀ tó bá ní iṣu á wá máa retí awakọ̀ akẹ́rù tó máa dá iye tó wù ú lé e, torí ó mọ̀ pé àgbẹ̀ náà kò ní ọ̀nà mìíràn.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí ẹ́ńjìnnì kan bá fa ọkọ̀ ẹrù 20, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ru tọ́ọ̀nù 30, tọ́ọ̀nù 600 ló kó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yẹn. Tírélà 20 tó ń ru tọ́ọ̀nù 30 ni ì bá gbé e. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Ìbàdàn mọ ohun tí tírélà 20 ń ṣe sí ọ̀dà, ẹ sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìjánu ọ̀kan nínú wọn bá já.

Ohun tó pa á, àti ọwọ́ tiwa níbẹ̀

N kò ní fi ọ̀rọ̀ pa mọ́: ìjọba ló kọ́kọ́ pa rélùwéè tì. Ọ̀nà títì dé, ọkọ̀ akẹ́rù pọ̀, wọn kò ra ẹ́ńjìnnì tuntun bó ṣe yẹ, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ń falẹ̀, tẹ́ṣàn kan ń tì tẹ̀lé òmíràn. Gbogbo wa la mọ ìyẹn. Àmọ́ nígbà tí ìjọba ṣíwọ́, ta ló wá kó irin?

Irin kékeré kan wà tó ń di ojú irin mú mọ́ ìdábùú tó sùn lé. Ó tẹ̀ bí ìkọ́, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó sì ní ìwúwo díẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó bá ní òòlù lè yọ ọ́ láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó yọ ọ̀kan níbí, ó yọ méjì lọ́hùn-ún, ó rọ wọ́n sínú àpò sìmẹ́ńtì, ó gbé e lọ fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, wọ́n wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n, wọ́n sì fún un ní owó tí kò lè ra oúnjẹ ọjọ́ méjì. Iṣẹ́ tí irin kékeré yẹn ń ṣe wá ńkọ́? Òun ni kò jẹ́ kí irin gígùn méjèèjì tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń gùn jìn síra. Lórí ojú irin àtijọ́, àlàfo tó wà láàrin wọn jẹ́ mìlímítà 1,067, ibẹ̀ ni wọ́n sì wọn ẹsẹ̀ ọkọ̀ sí. Bí àlàfo yẹn bá fi ìka mélòó kan fẹ̀ sí i, ẹsẹ̀ ọkọ̀ á já sílẹ̀, ọkọ̀ á sì dojú dé pẹ̀lú gbogbo èrò inú rẹ̀. Ọmọ ẹni lè wà nínú rẹ̀. Ẹni tó yọ irin yẹn gan-an lè wà nínú rẹ̀.

Àwọn àgbà sọ pé ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá sẹ́ni tó ń ra irin rélùwéè, kò sẹ́ni tó máa fi òru yọ ọ́. Gbogbo wa la sì mọ ibi tí àwọn òṣùwọ̀n yẹn wà. A mọ ṣọ́ọ̀bù náà, a mọ ọjọ́ tí ọkọ̀ wọn máa ń wá kẹ́rù. Àwa la wá ń sọ pé, "Kò kàn mí, irin ìjọba ni." Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn máa sọ: ebi ló ń pa àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí. Òótọ́ ni, ebi ń pa wọ́n. Àmọ́ iṣẹ́ tó lè lé ebi yẹn lọ ni wọ́n ń tà ní kílò. Ibi tí ọkọ̀ bá ti ń dúró, iṣẹ́ máa ń wà níbẹ̀: ẹni tó máa gbé ẹrù, ẹni tó máa tà, ẹni tó máa gbálẹ̀, ẹni tó máa ṣọ́nà. Ibi tí wọ́n bá ti hú ojú irin, ọkọ̀ kò ní dúró níbẹ̀ títí ayé.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀ yín fún rèé. Kí Báálẹ̀ àti àwọn olórí àdúgbò pe gbogbo àwọn tó ń ra irin àlòkù láàrin yín, kí wọ́n sì sọ fún wọn lójú gbogbo ènìyàn pé irin rélùwéè kò gbọdọ̀ gun òṣùwọ̀n mọ́ ní ìlú yìí. Ẹni tó bá rí i tí wọ́n ń yọ ọ́, kí ó má dá lọ dojú kọ wọ́n. Kó fi tó àwọn ọlọ́pàá létí, tàbí àwọn sífú dìfẹ́ńsì, torí iṣẹ́ wọn ni láti dáàbò bo irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ojú irin kì í ṣe ọjà, pèpéle kì í ṣe ibi ìsá láfún

Ní tẹ́ṣàn àtijọ́ kan tí mo mọ̀ dáadáa, láfún ni wọ́n sá sí orí pèpéle láti etí kan dé èkejì, funfun báláú. Wọ́n so okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí mọ́ òpó tí wọ́n máa ń gbé fìtílà kọ́ tẹ́lẹ̀. Ewúrẹ́ wà nínú yàrá tíkẹ́ẹ̀tì. N kò bá ẹni tó sá láfún jà, torí ojú irin ibẹ̀ ti ń hu koríko. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé àṣà tí a kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin tó ti kú la tún ń gbé lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó wà láàyè.

Ojú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn gùn tó 157 kìlómítà, wọ́n sì ṣí i ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹfà ọdún 2021. Ọ̀tọ̀ ni ọkọ̀ tó ń rìn lórí rẹ̀. Wọ́n ṣe é kí ó lè sá tó 150 kìlómítà ní wákàtí kan. Ọkọ̀ tó bá ń sá 120 kìlómítà ní wákàtí kan, kí ẹ tó ka ení, èjì, ẹ̀ta tán, ó ti rìn tó gígùn pápá bọ́ọ̀lù kan. Bí awakọ̀ bá rí yín tó sì tẹ ìjánu lójú ẹsẹ̀, ó lè rìn tó kìlómítà kan kó tó dúró. Kò lè yà fún yín. Kò sí ibi tó máa yà sí.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta ọdún 2023, bọ́ọ̀sì kan tó ń gbé òṣìṣẹ́ ìjọba lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó gba orí ojú irin kọjá nígbà tí ọkọ̀ ń bọ̀. Èèyàn mẹ́fà ló kú. Inú ìlú Èkó nìyẹn ṣẹlẹ̀, níbi tí èèyàn pọ̀, níbi tí ilé ìwòsàn kò jìnnà. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ láàrin oko ní Olódó tàbí ní Omi-Àdìó, ta ló máa tètè débẹ̀?

Ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín pé wọn kò gbọdọ̀ ṣeré lórí ojú irin. Ẹ̀yin darandaran àti ẹ̀yin tí ẹ ní màlúù, ẹ má da ẹran gba ibẹ̀. Ẹni tó gé odi wáyà kí ó lè gba ọ̀nà àbùjá lọ sóko ti ṣí ìlẹ̀kùn ikú sílẹ̀ fún gbogbo abúlé. Bí ọ̀nà oko yín bá wà lódìkejì, tí wọn kò ṣe ibi tí ẹ máa gbà kọjá fún yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ béèrè fún un lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ. Ẹ̀tọ́ yín ni. Wáyà gígé kì í ṣe ìbéèrè.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà tún wà níbẹ̀. Ilẹ̀ tó wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì ojú irin, rélùwéè ló ni ín. Ọmọ onílẹ̀ tó bá tà á fún yín ti ta ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Kò sí ìwé tó kọ fún yín tó máa dá katakata dúró lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá fi ọ̀dà pupa sàmì sí ògiri. Kí ẹ tó san owó ilẹ̀ létí ojú irin, ẹ lọ béèrè ààlà rélùwéè lọ́wọ́ àwọn awọnlẹ̀. Owó tí ẹ máa ná lórí ìbéèrè yẹn kéré sí owó ilé tí wọ́n máa wó.

Ààbò: ẹni tó mọ àjèjì ni ará ilé

Ní ọjọ́ keje oṣù Kìíní ọdún 2023, àwọn agbébọn ya wọ ibùdókọ̀ rélùwéè tó wà nítòsí Igueben ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, níbi tí èrò ti ń retí ọkọ̀ tó ń lọ sí Warri, wọ́n sì jí wọn gbé. Àárín oko ni tẹ́ṣàn yẹn wà, bíi tiyín gẹ́lẹ́. Ní ọdún tó ṣáájú ìyẹn, ní oṣù Kẹta 2022, wọ́n kọlu ọkọ̀ tó ń ti Abùjá lọ sí Kàdúná, wọ́n pa èèyàn, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ wọnú igbó.

Ẹ má rò pé àwọn ọlọ́pàá nìkan ló lè dí irú rẹ̀ lọ́wọ́. Ọlọ́pàá tí wọ́n gbé wá láti ìlú mìíràn kò mọ ẹni tó jẹ́ àjèjì nínú oko yín. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ọdẹ yín mọ ẹsẹ̀ tó rìn nínú igbó ní àná. Ìyá tó ń ta ọjà mọ ẹni tó wá jókòó tì í fún ọjọ́ mẹ́ta tí kò sì wọ ọkọ̀ kankan. Kí àwọn ọdẹ àti ọmọ ẹgbẹ́ Àmọ̀tẹ́kùn tó wà ní agbègbè yín mọ ọ̀gá tẹ́ṣàn, kí òun náà mọ̀ wọ́n, kí nọ́ńbà fóònù wọn sì wà lọ́wọ́ ara wọn. Wọn kò nílò owó kankan láti ṣe èyí.

Ohun tí ẹ lè béèrè, àti ọwọ́ ẹni tí ẹ máa béèrè rẹ̀

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí a bá ti dárúkọ rélùwéè níwájú gómìnà tàbí ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀, ìdáhùn kan náà ni: "Ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ọwọ́ wa kò tó o." Òótọ́ ni nígbà náà. Òfin ilẹ̀ wa fi rélùwéè sábẹ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Àmọ́ ní oṣù Kẹta ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu àtúnṣe òfin tó gba àwọn ìpínlẹ̀ náà láyè láti dá sí ọ̀rọ̀ rélùwéè. Àwáwí yẹn ti tán. Ẹni tó bá tún wí i fún yín, ẹ rán an létí ọdún 2023.

Ẹ wo Èkó. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, wọ́n ṣí ọ̀nà rélùwéè tí wọ́n ń pè ní Red Line, tó ti Àgbádó dé Oyíngbo. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló kọ́ àwọn ibùdókọ̀ rẹ̀, lórí ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ kan náà tó wá sí Ìbàdàn. Ẹ tún wo Ọ̀ṣun. Nígbà ìjọba Ọ̀gbẹ́ni Raufu Arẹ́gbẹ́ṣọlá, ìjọba ìpínlẹ̀ náà máa ń san owó ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé àwọn ọmọ Ọ̀ṣun láti Èkó wálé lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà ọdún, orí ojú irin àtijọ́ ni ọkọ̀ yẹn sì gbà dé Òṣogbo. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò dúró de àtúnṣe òfin. Ó lọ bá àwọn aláṣẹ rélùwéè, wọ́n sọ̀rọ̀ owó, ọkọ̀ sì gbéra. Ohun tó ṣeé ṣe nígbà Iléyá àti Kérésì, kí ló dé tí kò ṣeé ṣe lọ́jọ́ ọjà?

Torí náà, bí olóṣèlú bá wá, ẹ má kàn béèrè "ìdàgbàsókè." Ọ̀rọ̀ gbàgàdà bẹ́ẹ̀ rọrùn láti dáhùn pẹ̀lú ìlérí gbàgàdà. Ìbéèrè tó ní orí àti ìdí ni kí ẹ bi í. Ẹ̀yin tó wà létí ojú irin tuntun, ẹ béèrè pé: ọkọ̀ mélòó ló ń dúró ní tẹ́ṣàn wa lọ́sẹ̀, aago mélòó ni, kí ni a sì lè ṣe kó tún pọ̀ sí i? Ta ló máa tún ọ̀nà tó ti ojú títì dé tẹ́ṣàn ṣe, ọjọ́ wo ni iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀? Ṣé ọkọ̀ ẹrù lè gbé gbágùúdá àti iṣu wa, èló ni tọ́ọ̀nù kan? Ẹ̀yin tó wà létí ojú irin àtijọ́, ẹ béèrè pé: kí ni ìjọba ìpínlẹ̀ ti bá àwọn aláṣẹ rélùwéè sọ lórí rẹ̀ láti 2023? Bí wọ́n bá ti kọ ìwé, kí wọ́n fi hàn yín. Bí wọn kò bá tíì kọ ọ́, kí wọ́n sọ ọjọ́ tí wọ́n máa kọ ọ́.

Ohun mìíràn tún wà. Wọ́n sọ àwọn tẹ́ṣàn tuntun lórúkọ àwọn èèyàn ńlá. Ti Pápáláńtò ń jẹ́ orúkọ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ti Olódó ń jẹ́ orúkọ Olúṣẹ́gun Ọ̀ṣọbà, ti Omi-Àdìó sì ń jẹ́ orúkọ Ládòkè Akíntọ́lá, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ní rélùwéè fún ìgbà díẹ̀ kó tó di oníwèé ìròyìn àti olóṣèlú. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ orúkọ kò gbé ẹrù àgbẹ̀. Tẹ́ṣàn tó ní orúkọ ńlá, tí ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ ẹrẹ̀, tí ọlọ́kadà kò lè dé ibẹ̀ nígbà òjò, kò yàtọ̀ sí ilé tó wà láàrin igbó. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ nítorí owó orí títí Aláké fi kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949. Ẹ̀yin obìnrin Pápáláńtò, ẹ kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ yín bí a ṣe ń béèrè ẹ̀tọ́.

Kí àwa náà má sì ba tiwa jẹ́. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọkọ̀ tí èrò rẹ̀ kò sanwó, wọ́n á kà á sí ọkọ̀ tí kò lérò, wọ́n á sì fà á kúrò. Ẹ má gun orí ọkọ̀. Ẹ má sọ òkúta lu fèrèsé, ẹ sì bá ọmọ tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ wí lójú ẹsẹ̀, bí kì í tilẹ̀ ṣe ọmọ yín.

Ẹ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà rélùwéè

Láàrin yín, àwọn bàbá wà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè: ẹni tó ń tún ojú irin ṣe, ẹni tó ń lu agogo, ẹni tó ń ju àsíá. Nínú wọn, ẹ máa rí ẹni tí bàbá rẹ̀ wà nínú ìyanṣẹ́lódì ọdún 1945, nígbà tí Michael Imoudu, òṣìṣẹ́ rélùwéè, wà lára àwọn tó ṣáájú àwọn òṣìṣẹ́ Nàìjíríà tí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ohun tó ju ogójì ọjọ́ lọ nítorí owó oṣù. Bí wọ́n bá kú, ohun tí wọ́n mọ̀ bá wọn lọ. Fóònù wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ yín. Kí wọ́n lọ jókòó tì wọ́n, kí wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀: ibi tí ojú irin ti máa ń rì nígbà òjò, ibi tí odò ti máa ń kún bo afárá, ibi tí ààlà ilẹ̀ tẹ́ṣàn dé. Ọ̀rọ̀ yẹn máa wúlò lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá tún un ṣe.

Ẹ má sì sọ pé ògiri àtijọ́ kò já mọ́ nǹkan. Ní Èbúté-Mẹ́tta, ilé kan wà tí wọ́n kọ́ ní 1898 fún rélùwéè, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́ tán. Ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Legacy ló tún un ṣe, wọ́n sì sọ ọ́ di ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí. Jaekel House ni wọ́n ń pè é, orúkọ Francis Jaekel, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó kọ ìtàn rélùwéè Nàìjíríà. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yẹn kì í ṣe gómìnà, aráàlú ni wọ́n. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń lọ wò ó dòní. Bí ẹ kò bá lè ṣe tó bẹ́ẹ̀, ẹ lè ro koríko tẹ́ṣàn yín, kí ẹ ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ pa, kí ẹ sì dá ewúrẹ́ padà sílé olówó rẹ̀.

Ohun tí ẹ máa ṣe ní ìpàdé tó ń bọ̀

Gbogbo abúlé ló ní ìpàdé: ti Báálẹ̀, ti ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè, ti ìyálọ́jà, ti ọ̀dọ́. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ fi ọ̀rọ̀ tẹ́ṣàn sí i, kí ẹ sì pín iṣẹ́ márùn-ún. Kí ẹnì kan lọ bá àwọn tó ń ra irin àlòkù. Kí ẹnì kan lọ gba nọ́ńbà ọ̀gá tẹ́ṣàn àti ti àwọn ẹ̀ṣọ́, kó sì fún àwọn ọdẹ. Kí ẹnì kan kọ àwọn ibi tí àwọn èèyàn ti ń gba orí ojú irin kọjá sílẹ̀. Kí ẹnì kan mú ìbéèrè tó wà lókè yìí lọ fún alága káńsù àti ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin yín, kó sì gba ìdáhùn ní kíkọ. Kí ọmọ ilé ìwé kan lọ jókòó ti àwọn àgbà rélùwéè.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ tú ká, kí akọ̀wé ka orúkọ àwọn márààrún àti ọjọ́ tí oníkálukú máa jábọ̀. Bí orúkọ kan bá ṣì kù tí ẹ kò tíì kọ, ẹ má tíì lọ sílé.